Ogun Ẹ̀fọn ní Ilẹ̀ Wúrà

Ìtàn ogun ni mo fẹ́ sọ. A kò gbé ìbọn lọ sí ogun náà, a kò yọ idà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀tá tí a dojú kọ ti fi ilé tó pọ̀ sílẹ̀ láìlọ́mọ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni, kì í ṣe àlọ́.

Ní ọdún 1897, ohun ńlá méjì ṣẹlẹ̀ ní ibi méjì tó jìnnà síra. Ní London, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Ashanti Goldfields sílẹ̀ láti máa wa wúrà Obuasi ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, ilẹ̀ wúrà tí Ellis, Biney àti Brown, àwọn oníṣòwò Cape Coast mẹ́ta, ti kọ́kọ́ gbà kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Cade tó rà á lọ́wọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Íńdíà, dókítà Ronald Ross la inú ẹ̀fọn, ó sì bá kòkòrò ibà níbẹ̀. Wúrà àti ẹ̀fọn kò tíì mọ ara wọn nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a gba Tamale kọjá ná, nítorí gbèsè inú ìtàn yìí, ibẹ̀ ló wà. Ní 1906, Watherston, òyìnbó tó ń ṣàkóso àríwá Gold Coast, bá àwọn oníkùsà gúúsù ṣètò pé kí a máa kó àwọn ọ̀dọ́ àríwá wá fún wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Tamale di olú-ìlú àríwá. Ìjọba á ránṣẹ́ sí ọba, ọba á ní kí wọ́n mú ọmọ wá. Ọmọ tí kò rí kòtò wúrà rí á dágbére fún ìyá rẹ̀, á kọrí sí gúúsù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà. Òtútù àyà mú wọn, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú wọn nínú àgọ́ ẹlẹ́gbin, títí ikú náà fi pọ̀ débi pé ìjọba pe dókítà Simpson ní 1924 kí ó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń dùn mí gan-an. Àwọn ará Ìgbòho àti Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa náà gbé Tamale, wọ́n tajà níbẹ̀ títí ìjọba Busia ní Ghana fi lé wọn ní 1969; àjèjì tó wá oúnjẹ lọ kì í ṣe ìtàn ẹlòmíràn fún wa.

Ó wá ku Obuasi. Ìyanu ibẹ̀ pọ̀! Nígbà tí Sam Jonah ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀, ọkùnrin tó ti fi ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́ lébìrà nínú kòtò yẹn kan náà, wọ́n kọ́ kòkòrò tí ojú kò lè rí láti jẹ òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni, láti jẹ òkúta! Wúrà kan wà tí imí ọjọ́ inú òkúta bò mọ́lẹ̀, tí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ wúrà kò fi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1994, wọ́n da òkúta lílọ̀ náà sínú àgbá ràbàtà, wọ́n tú kòkòrò sí i, kòkòrò jẹ imí ọjọ́ náà, wúrà sì yọjú.

Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó fi kòkòrò ṣẹ́gun òkúta ni kòkòrò mìíràn ń ṣẹ́gun. Lẹ́yìn tó di AngloGold Ashanti ní 2004, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ibà ló ń rọ́ wá sí ilé ìwòsàn rẹ̀. Alágbára tó ń fọ́ àpáta á dùbúlẹ̀, á máa gbọ̀n lábẹ́ aṣọ.

Ibí yìí ni mo ti yìn àwọn aṣáájú rẹ̀. Wọn ìbá fín oògùn ẹ̀fọn sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ wọn nìkan, kí wọ́n ti géètì. Ẹ̀fọn kò mọ géètì! Ní 2006, wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn elétò ìlera ìjọba, wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ ìlú síṣẹ́, wọ́n sì wọ gbogbo ilé Obuasi, ti olówó, ti tálákà. Ìyá á kó ìkòkò àti ẹní síta, wọ́n á lé adìẹ jáde, oògùn á sì kan ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Nítorí ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, ara rẹ̀ á wúwo, á lọ sinmi lára ògiri. Ibi ìsinmi rẹ̀ gan-an ni wọ́n dẹ ikú sí. Láàárín ọdún méjì, nínú aláìsàn ibà mẹ́rin tí ilé ìwòsàn náà ń rí tẹ́lẹ̀, mẹ́ta ti dín.

Ogun náà wá gòkè lọ sí àríwá. Global Fund, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti ibà, fi owó lé àwọn ará Obuasi lọ́wọ́, wọ́n sì kó irinṣẹ́ lọ sí Upper West. Amẹ́ríkà náà ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 2008 ní Savelugu, Tolon, Gushegu àti Karaga, àwọn agbègbè tó wà ní àríwá pẹ̀lú Tamale. Ilẹ̀ tí a ti kó ọmọ lọ sí kùsà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ọgbọ́n láti kùsà wá ń gbà lọ́wọ́ ikú.

Ẹ̀fọn kò túúbá. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ lò kò ràn án mọ́, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìparí 2014, iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ dúró ní Obuasi, ó di 2019 kí wúrà tó tún jáde láti abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó ń fín ilé kò dúró: wọ́n gbé àgbá oògùn kọ́ èjìká, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri, ní gbogbo ọdún tí kòtò wà ní títì.