Nọ́ńbà Ṣaṣí

Nọ́ńbà ṣaṣí ni nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ lù mọ́ irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ ró, òun gan-an sì ni ẹ̀rí tó dájú jù lára píkọ́ọ̀pù àtijọ́. Lára Ford F-100 ti ọdún 1967 sí 1972, ó wà lórí irin ọwọ́ ọ̀tún, lápá iwájú. Lóòótọ́, nọ́ńbà wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀ pẹ̀lú, ó sì rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣeé pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì náà ṣeé pààrọ̀. Ẹlòmíràn á ní irin ti dógùn-ún jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á: nọ́ńbà náà á yọ. Ẹ má retí lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ọkọ̀ ọdún 1981 ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.