Ìdábùú Kan Kò Bá Gbogbo Ìbọn Mu: Ìtàn Ìbọn Lee-Enfield

Ìtàn irin ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya orúkọ ọ̀pá tí a fi ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi pe irin tí ó ń dí ẹ̀yìn ìbọn nígbà tí a bá fẹ́ yìn ín. Èmi náà yóò pè é ní ìdábùú, nítorí iṣẹ́ ìdábùú ilẹ̀kùn gan-an ni ó ń ṣe: a tì í síwájú, a yí i wálẹ̀, ọ̀nà sì dí. Ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa kò ní irú rẹ̀; ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dí pa.

Ní 1888 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Lee-Metford fún àwọn ọmọ ogun wọn. James Paris Lee, ọmọ Scotland tí ó dàgbà sí Kánádà, ni ó ro ìdábùú rẹ̀. William Metford ni ó ro ìlà inú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀tù tuntun tí wọ́n ń pè ní cordite tètè jẹ àwọn ìlà náà, ni wọ́n bá fi ìlà ti Enfield rọ́pò rẹ̀ ní 1895. Mark III dé ní 1907, No. 4 sì tẹ̀lé e ní 1939. Ìdílé ìbọn yìí ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, gbé ja ogun Bọ́mà.

Ǹjẹ́ a lè yọ ìdábùú èyí kí a fi sí ìyẹn? Lójú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orí ìdábùú Mark III ní ìkọ́ kan tí ó ń rìn lórí etí ara ìbọn lápá ọ̀tún, ti No. 4 ń rìn nínú ihò tóóró tí a gbẹ́ sínú ara ìbọn. Ìlà yíyí tí a fi ń de orí mọ́ ìdábùú pàápàá kò bá ara wọn mu. Kódà, Mark I ti 1903 kò rí bí àbúrò rẹ̀ ti 1907: orí ìdábùú ni ó gbé apá kan ibi tí a ń ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó di ọta márùn-ún pọ̀ sí. Bí a bá fi orí ti Mark III rọ́pò rẹ̀, kò sí ibi tí a óò ti ki ọta bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èyí kéré. Láàrin ìbọn méjì tí wọ́n jẹ́ irú kan náà ni ewu gidi wà, ewu ọ̀hún sì jẹ́ ti àlàfo tín-ín-rín. Kátíríìjì .303 ní etí ní ìdí, etí yìí ni ó sì dá a dúró nínú ihò. Àyè tí ó kù fún etí yẹn níwájú ojú ìdábùú kò gbọ́dọ̀ dín ní 0.064 íǹṣì, kò sì gbọ́dọ̀ ju 0.074 lọ. Bí ó bá dín jù, ìdábùú kò ní tì. Bí ó bá pọ̀ jù, nígbà tí ìbọn bá dún, iwájú idẹ kátíríìjì yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, ìdí rẹ̀ yóò sún sẹ́yìn, àárín wọn yóò nà, yóò sì já. Gáàsì gbígbóná a wá ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ojú ẹni tí ó yìn ín ni ó sì wà níbẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí láti àwọn ọdún 1850 ni ilé-iṣẹ́ Enfield ti ra ẹ̀rọ láti Amẹ́ríkà, kí ẹ̀yà ìbọn kan lè wọ òmíràn láìsí pé a ń fi ayùn irin rin ín. Síbẹ̀, ìdábùú kọ̀. Èjìká méjì ni ó fi ń gba agbára ìbúgbàù náà, alágbẹ̀dẹ sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rin wọ́n títí àwọn méjèèjì yóò fi fara kan ara ìbọn dọ́gba. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lu nọ́ńbà ìbọn sí ẹ̀yìn ọwọ́ ìdábùú.

No. 4 mú ìrọ̀rùn díẹ̀ wá. Oríṣi orí mẹ́rin ni wọ́n ṣe fún ìdábùú rẹ̀, tí wọ́n kọ 0, 1, 2 àti 3 sí lára, ìkọ̀ọ̀kan fi ìwọ̀n bí 0.003 íǹṣì gùn ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí àlàfo bá ti ń gbòòrò, alágbẹ̀dẹ a tú orí kan, a de èyí tí ó gùn jù ú lọ.

Lẹ́yìn ogun, tí wọ́n ta àwọn ìbọn náà ní àlòkù, ọ̀pọ̀ ìdábùú ti ya ìbọn tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà àtijọ́ tí a fi ìlà pa, tí a sì lu òmíràn sí i, ó ṣeé ṣe kí alágbẹ̀dẹ kan ti wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà ìdábùú àti ti ìbọn bá yàtọ̀ láìsí àmì kankan, irin ìwọ̀n 0.074 ni kí a kọ́kọ́ ki sí i: bí ìdábùú bá tì lé e lórí, kí a má yìn ín.