Pípa Iyì àti Àṣírí Aláìsàn Mọ́ ní Ilé Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó

Ẹni tí ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ti di ẹni tí a ń bá ṣe ohun tí ó ti ń dá ṣe láti kékeré: wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, ìgbọ̀nsẹ̀. Níbi wọ̀nyí ni ojú ti máa ń tì í jù, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹ̀yin olùtọ́jú ti kíyè sára jù.

Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn, bí ilẹ̀kùn náà tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ fi orúkọ tàbí oyè tí òun fúnra rẹ̀ yàn pè é; kì í ṣe gbogbo àgbà obìnrin ni ó fẹ́ kí ẹni tí òun kò bí máa pe òun ní "Màmá". Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn, ẹ fa aṣọ ìkélé, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ẹ ṣí ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì bò ó padà kí ẹ tó ṣí ibòmíràn. Òtútù kò sì ní mú un. Bí ó bá lè fọ abẹ́ ara rẹ̀, ẹ fi tówẹ̀lì lé e lọ́wọ́, kí ẹ yí ojú padà. Bí obìnrin bá ní obìnrin ni kí ó wẹ òun, ẹ má ṣe kà á sí àṣejù. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra lè kọ̀ láti wẹ̀. Ẹ má ṣe fi ipá mú un. Ẹ padà wá láìpẹ́, ìwẹ̀ lè dúró. Bí ó bá tọ̀ sára, ẹ má ṣe kéde rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ ọ̀rọ̀ nípa ìlera àti ìtọ́jú aláìsàn di àṣírí. Ẹ lè sọ ọ́ bí aláìsàn bá fi ọwọ́ sí i nínú ìwé, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, bí aṣojú ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe bá béèrè, tàbí bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá lè ṣe ìlera àwọn ará ìlú ní jàǹbá ńlá. Nítorí náà, ọmọ tí ó ń san owó ìtọ́jú kò tìtorí owó ní ẹ̀tọ́ láti mọ gbogbo àbájáde àyẹ̀wò. Èyí ṣòro láti sọ fún ẹbí, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹ má ṣe fi fóònù ya àwòrán aláìsàn láìgba àṣẹ, ìbáà ṣe ti ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ tàbí àpá lílù lára rẹ̀ nígbà ìwẹ̀, ẹ má ṣe torí àṣírí dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún olórí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an.