Bí a ṣe ń dènà ìṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù ní pápákọ̀ òfurufú

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu ọkọ̀ òfurufú, ohun tí ó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni kí bàálù já láti ojú sánmà. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí bàálù bá ti dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ ni ó máa ń ṣẹlẹ̀: kí ènìyàn já bọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Àgọ́ṣáṣá, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ àti gbogbo agbègbè Ìpókíá kò ṣàì máa wọ bàálù. Àwọn kan ń gba Ìkẹjà lọ, àwọn mìíràn ń gba Ìdìrókò kọjá sí Kùtọnu. Pápákọ̀ Gateway sì ti wà ní Rẹ́mọ, láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, nínú ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ni a kọ àlàyé yìí fún, àti pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Ẹnu ilẹ̀kùn Boeing 737, tí ó wọ́pọ̀ lójú òfurufú Nàìjíríà, ga tó nǹkan bíi mítà 2.7 sílẹ̀. Ti Boeing 777, tí ń lọ sí òkè òkun, tó nǹkan bíi mítà 5. Kọnkéré ni ó sì wà nísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2018, ní pápákọ̀ Entebbe ní orílẹ̀-èdè Uganda, obìnrin kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú Emirates já bọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Ọkọ̀ náà ti balẹ̀ láyọ̀, ó ti dúró, wọ́n sì ń múra láti gba èrò tí ń lọ sí Dubai. Àwọn aláṣẹ ìrìnnà òfurufú Uganda ṣàlàyé pé ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó sì já bọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, fọ́nrán kan láti Jakarta ní Indonesia tàn káàkiri ayé: òṣìṣẹ́ kan gbé ẹsẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ń wọ́ àtẹ̀gùn kúrò, afẹ́fẹ́ lásán ni ó sì tẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, òṣìṣẹ́ inú bàálù kan já bọ́ ní pápákọ̀ East Midlands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ náà ń múra àtilọ sí Lanzarote.

Ohun kan ni ó so ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kò sì sí àtẹ̀gùn lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ ni ó máa ń fa èyí. Ẹni tí ó ti ṣí ilẹ̀kùn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ojú rẹ̀ máa ń mọ́ra jù, tí ó fi máa ń gbà pé àtẹ̀gùn ṣì wà níbi tí ó ti rí i ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn.

Nítorí náà ni ìlànà iṣẹ́ pápákọ̀ fi le lórí ètò ohun tí ó ń ṣáájú àti ohun tí ó ń tẹ̀lé e. Àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ ti dúró dáadáa kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ti tì pa kí àtẹ̀gùn tó kúrò. Òṣìṣẹ́ tí ó wà lóde yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì gbé àtàǹpàkò sókè. Ẹni inú yóò yọjú láti fèrèsé kékeré ara ilẹ̀kùn, yóò rí i pé àtẹ̀gùn ti dé, kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tí ń wa àtẹ̀gùn náà kò gbọdọ̀ gbéra nítorí pé ẹnìkan pariwo pé àkókò ti ń lọ. Ìkánjú láti lọ lásìkò ni ọ̀tá ìlànà yìí, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dènà rẹ̀.

Ó tún ku ti rọ́bà ńlá tí afẹ́fẹ́ máa ń kún fúnra rẹ̀, tí èrò fi ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà pàjáwìrì. Bí wọn kò bá tíì mú un kúrò ní ipò ìmúrasílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn láti inú, yóò bẹ́ jáde pẹ̀lú agbára tí ó lè gbá ẹni tí ó dúró lórí àtẹ̀gùn sísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n sì rò pé ó lè gba ènìyàn dúró. Ẹni tí ń gun ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Ànàgó mọ ohun tí igbà ń ṣe: ara rẹ̀ ni ó fi lé e, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbéra nílẹ̀. Okùn ẹnu ilẹ̀kùn bàálù kì í ṣe igbà. Àmì ìkìlọ̀ lásán ni, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fara tì í. Bí iṣẹ́ bá mú kí ènìyàn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò ní àtẹ̀gùn, bẹ́líìtì tí a so mọ́ ibi tí ó lágbára ni ó yẹ kí ó wà lára rẹ̀.

Títi ilẹ̀kùn léwu ju ṣíṣí rẹ̀ lọ, nítorí pé ilẹ̀kùn bíi ti Boeing 737 máa ń ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ lóde, ẹni inú sì ní láti nawọ́ jáde kí ó tó lè fà á wálé. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ di irin ìdìmú mú ní gbogbo àkókò náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìgbà òjò, nígbà tí ìjì máa ń ṣáájú òjò dé lójijì, ilẹ̀kùn lè já gbà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ẹ má ṣe dìde lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó pè yín. Bí èrò bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ a máa fúyẹ́, a sì máa gòkè díẹ̀, tí àlàfo tàbí ìgbésẹ̀ kan yóò fi wà láàárín rẹ̀ àti àtẹ̀gùn. Àwọn ìyá àti bàbá wa àgbà ni ó máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bá wọn gbé ẹrù, kí ọwọ́ wọn lè ṣófo láti di irin àtẹ̀gùn mú.

Ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó. Òfin náà kan òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14; agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ọdún 1 ni wọ́n fi sílẹ̀ láti béèrè ẹ̀san. Ní ti èrò tí ó bá farapa nígbà tí ó ń wọ ọkọ̀ tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ìrìn-àjò òkè òkun, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 fún un ní ọdún 2 láti pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà lẹ́jọ́. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ilé ìwòsàn.