Omi Tó Pa Ọ̀pẹ Nínú Aṣálẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin òǹkàwé: kín ló lè pa igi nínú aṣálẹ̀? Ọ̀pọ̀ yín ni yóò dáhùn pé ọ̀dá ni, kò sì sẹ́ni tí yóò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà ní Sàhárà tó jẹ́ pé omi ló pa igi wọn. El Oued ni wọ́n ń pè é, olú ìlú agbègbè Souf, ní ìlà-oòrùn Àlgéríà, nítòsí ààlà Tùnísíà.

Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan gbáko kò tó 100 mìlímítà. Kò sí odò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kórè dàbínù, èso tí àwọn Mùsùlùmí ilé wa fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá sí i?

Omi wà lábẹ́ iyanrìn. Dípò kí àwọn baba ńlá wọn máa fa omi wá bá igi, igi ni wọ́n gbé lọ bá omi. Wọ́n á gbẹ́ kòtò ràgàjì sáàárín òkìtì iyanrìn, òmíràn a jìn tó 10 mítà, títí yóò fi ku díẹ̀ kí wọ́n kan omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin ọ̀pẹ dàbínù sí. Gbòǹgbò á wá omi mu fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bomi rin ín. Ghout ni wọ́n ń pe kòtò bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á da iyanrìn padà sínú rẹ̀, wọ́n á tún fi agbọ̀n rù ú jáde. Ìyà ni, àmọ́ ìran dé ìran ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga jíjìn níbẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n kan omi tó jìn ju 1,500 mítà lọ, gbígbóná ló sì ń jáde. Ara tu ará ìlú. Omi ẹ̀rọ wọlé dé bákà. Ta ni yóò bá wọn wí?

Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi wẹ̀, tí wọ́n fi fọṣọ, níbo ló ń gbà lọ? Kò sí gọ́tà tó ń gbé e jáde nílùú. Inú ṣálángá ló ń dà sí, ó sì ń rọra jò lọ bá omi òkè tí gbòǹgbò ọ̀pẹ ń mu. Omi inú ọ̀gbun ti di omi òkè, kò sì rọ́nà padà.

Ló bá di pé omi ń yọ nísàlẹ̀ ghout. Ẹ má gbàgbé pé gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀ pẹ́, yóò jẹrà. Oòrùn tún ń fa omi náà gbẹ, ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pẹ tí bàbá àgbà gbìn kú lórí ìdúró, ẹ̀fọn sì gba kòtò.

Ní àwọn ọdún 2000, ìjọba gbẹ́ gọ́tà abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń fa omi náà jáde lọ sí ìhà àríwá. Omi lọ sílẹ̀ nínú ìlú. Ní 2011, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé ka ghout mọ́ àwọn ogún iṣẹ́ àgbẹ̀ tó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìlú, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ànàmọ́ òyìnbó fún ọjà ń fi ẹ̀rọ fa omi òkè kan náà láìsinmi. Níbẹ̀, omi ń sá fún gbòǹgbò. Agbègbè kan náà ni o: apá kan rì, apá kan ń gbẹ.

A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Lójú tèmi, igi Souf ní ẹjọ́ láti bá ọ̀rọ̀ yẹn rò. Ohun tí ọ̀pẹ ń fẹ́ ni kí omi wà níbi tí gbòǹgbò yóò tó o, kó má sì bò ó. Ìwọ̀n yẹn ni àwọn tó ń fi agbọ̀n ru iyanrìn mọ̀. Àwọn tó gbẹ́ kànga béèrè ibi tí omi yóò ti wá. Wọn ò béèrè ibi tí yóò lọ.