Owó Oṣù àti Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Agbègbè Èkó

1. Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ìdí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ sí ibi tí owó ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbègbè Èkó ni a ó gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró ní Ifákọ̀ kò jìnnà sí ibi mẹ́ta tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti di iṣẹ́ oṣù: Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, FIIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ní Yábàá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojúkòkòrò ni ó ń lé àwọn onímọ̀ wọ̀nyí lọ. Èrò tiwa ni pé ìtàn kò ti èyí lẹ́yìn. Kì í ṣe pé owó kéré nìkan. Owó tí a bá wọn ṣe àdéhùn lé lórí kì í pẹ́ di yẹpẹrẹ, a kì í sì í tún àdéhùn náà ṣe lásìkò.

2. Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè tálákà nìkan. Ní 1963, Royal Society ní London gbé ìwádìí jáde lórí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣí lọ sí òkè òkun, pàápàá sí Amẹ́ríkà. Nínú àríyànjiyàn ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọpọlọ ìlú ń ṣàn lọ. Èyí fi hàn pé ẹni tí ebi kò pa pàápàá lè ṣí lọ bí ó bá rí ibi tí ó sàn jù.

3. Kí ó tó di 1986

Ní Nàìjíríà, inú ilé ni àfiwé owó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1973, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù. Ìjọba Gowon sì pàṣẹ pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí wọ́n kó kúrò nínú ilé yunifásítì. Ìgbìmọ̀ Udoji fi kún owó gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974, ó sì fi yunifásítì sórí àkàsọ̀ owó oṣù kan náà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ọjà gbówó lórí lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí pé Èkó ni olú-ìlú títí di 1991, tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì pọ̀ níbẹ̀, onímọ̀ lè fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ láìfi ìlú sílẹ̀.

4. Láti 1986 títí di 2024

Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba fi iye owó náírà sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tí yóò fi di 1993, bíi náírà 22 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Oògùn ilé ìwádìí, ìwé àti ẹ̀rọ, dọ́là ni a fi ń rà wọ́n. Nítorí náà, ohun tí ó sọ owó oṣù di yẹpẹrẹ ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́ pẹ̀lú.

Àdéhùn 2009 fi èyí hàn kedere. Owó ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù mẹ́fà náírà lọ́dún. Nígbà tí dọ́là kan jẹ́ bíi náírà 150, bíi dọ́là 40,000 ni èyí. Ní 2023, ìjọba fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bíi náírà 1,500 tí dọ́là jẹ́ ní 2024 ṣírò rẹ̀, kò ju bíi dọ́là 5,400 lọ. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a fi àdéhùn sí pé a ó máa tún un yẹ̀ wò. Síbẹ̀, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ ní 2022, òun náà ni a ṣì ń lò.

5. Àwọn tí kò lọ

A lè takò wá pé àwọn kan dúró. Òtítọ́ ni. Ayọ̀délé Awójobí, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó títí ó fi kú ní 1984. FIIRO náà sì ṣe sóyà-ògì, oúnjẹ ọmọdé tí a fi ẹ̀wà sóyà kún. Ṣùgbọ́n Awójobí kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí náírà lẹ́yìn 1986. A kò sì lè fi ìfaradà ènìyàn díẹ̀ ṣe ètò ìlú. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àfikún owó 1974 àti àdéhùn 2009 kò dá ìṣílọ dúró, nítorí pé ojú kan ni owó dúró sí nígbà tí ọjà ń lọ. Ìpàdánù rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó lọ nìkan: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kù kò ní rí ẹni tí yóò kọ́ òun. Bí ìjọba bá fẹ́ kí onímọ̀ dúró, kí ó kọ́kọ́ mú ìlérí àtúnyẹ̀wò tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ṣẹ.