Àṣẹ Ìkẹyìn: Orúkọ Ohun Tí Ilé Aṣòfin Bìrìtéènì Gbà Padà

Nígbà tí ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Bìrìtéènì sọ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016 pé kí orílẹ̀-èdè wọn kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òmìnira ni ọ̀rọ̀ tó yá jù lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ni lọ́nà. Òmìnira ni Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Bìrìtéènì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Ẹni tó bá gbọ́ pé Bìrìtéènì náà ń wá òmìnira yóò rò pé àwọn kan ló kó o lẹ́rú. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní 1972 ló jẹ́ kó lè wọ inú àjọ náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sovereignty, pàápàá ti ilé aṣòfin: bí òfin méjì bá forí gbárí, ti ta ni yóò lékè? Àṣẹ ìkẹyìn ni mo fẹ́ kí á máa pè é. Òmìnira kò bá a mu, nítorí orílẹ̀-èdè ló ń jẹ́ olómìnira. Agbára náà kò bá a mu, nítorí èèyàn lè ní àṣẹ ìkẹyìn kí apá rẹ̀ má sì ká ohun tó fẹ́ ṣe.

Ó lè wu ẹlòmíì láti lo kábíyèsí. Ohun tí A. V. Dicey, onímọ̀ òfin, kọ ní 1885 sún mọ́ ọn: pé kò sí òfin tí ilé aṣòfin Bìrìtéènì kò lè ṣe, kò sí èyí tí kò lè pa rẹ́, kò sì sí ẹnì kankan tí òfin fún láyè láti yí tirẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé Ọ̀yọ́ Mèsì wà níbẹ̀, pé wọ́n lè kọ Aláàfin, kí ọba sì ṣígbá wò. A kì í bi ọba léèrè, síbẹ̀ àwọn kan wà tó ń bi í. Ọ̀rọ̀ tó gbé ìtàn tó tóbi tó báyìí sínú yóò da àlàyé òfin Bìrìtéènì rú mọ́ wa lójú. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti àwọn ọba.

Àjọ pàápàá ń fẹ́ àlàyé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ECOWAS, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àjọ ni gbogbo wọn lẹ́nu wa. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ ní abala 12 pé àdéhùn tí a bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kì í di òfin nílé, àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ti Yúróòpù yàtọ̀. Ní 1964, nínú ẹjọ́ Costa àti ENEL tó wá láti Ítálì, ilé ẹjọ́ àjọ náà ní Luxembourg dájọ́ pé òfin àjọ lékè òfin orílẹ̀-èdè tó bá ta kò ó. Àjọ aṣòfin-kárí ni mo ń pe irú èyí. Oríṣi òfin méjì ló sì ń ti ibẹ̀ wá, tí a máa ń fi “ìlànà” kan ṣoṣo pè. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fi ọjọ́ sí i, ó ti di òfin láti Lisbon dé Helsinki; òfin kárí nìyẹn. Èkejì sọ ibi tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dé, ó sì fi ọ̀nà tí wọn yóò gbà sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Òfin àfojúsùn ni mo pè é. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ kò ní lè sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí fún aṣòfin nílé àti ibi tí kò ti kù.

Ẹjọ́ Factortame ló ṣòroó sọ jù. Ní 1988, ilé aṣòfin Bìrìtéènì ṣe òfin ọkọ̀ ojú omi kan tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja Sípéènì tó forúkọ ọkọ̀ wọn sílẹ̀ ní Bìrìtéènì. Wọ́n pẹjọ́, nígbà tó sì di 1990, àwọn adájọ́ tó ga jù ní Bìrìtéènì fúnra wọn pàṣẹ pé kí ìjọba má lo òfin náà fún wọn. Akọ̀ròyìn tó bá kọ ọ́ pé ilé ẹjọ́ wọ́gi lé òfin náà ti sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí a wọ́gi lé ti parí. Òfin yìí wà nínú ìwé bó ṣe wà. Ó kàn jẹ́ pé kò mú ẹni tí òfin Yúróòpù ń dáàbò bò mọ́ ni. Ilé ẹjọ́ pa á tì. Ẹni tó ṣòfin nìkan ló lè wọ́gi lé e, àwọn adájọ́ sì sọ pé ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ló finú fíndọ̀ gba ìdíwọ́ yìí nígbà tó ṣòfin 1972. Bí a bá di “pa tì” àti “wọ́gi lé” mú, a ó rí i pé àṣẹ ìkẹyìn kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n kàn gbà láti má lò ó ni.

Nígbà tí wọ́n wá ń jáde, abẹ́lé ni ìjà ti gbóná. Ìjọba fẹ́ kọ ìwé ìkúrò láì gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, mẹ́jọ nínú adájọ́ mọ́kànlá Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ní kò ṣeé ṣe. Ní 2019, Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà náà, ní kí Ọbabìnrin ká ìjókòó ilé nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Adájọ́ mọ́kànlá ilé ẹjọ́ kan náà fohùn ṣọ̀kan pé kò bófin mu. Ká ìjókòó nílẹ̀ ni mo sọ, n kò sọ pé ó tú ilé ká, torí pé ipò aṣòfin kankan kò bọ́. Kì í sì í ṣe ìsinmi, nítorí àwọn aṣòfin ló ń yan ìyẹn fúnra wọn.

Bìrìtéènì kúrò ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún òfin Yúróòpù ló bá a délé. Òfin àjogúnbá ni ì bá wù mí, àmọ́ òkú là ń jogún, àjọ náà kò sì kú. Òfin àmúbọ̀ ni mo yàn. Òfin ìkúrò ti 2018 fún àwọn mínísítà láyè láti tún ọ̀pọ̀ wọn ṣe, àní láti yí òfin tí ilé aṣòfin ṣe padà. Àṣẹ Ọba Henry Kẹjọ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, nítorí ọba tí ilé aṣòfin gbà fún ní 1539 pé kí ìkéde rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bí òfin. Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ni mo pè ní òfin ọwọ́ mínísítà, orúkọ náà sì ká mi lára: àṣẹ tí wọ́n ní àwọn ń gbà padà fún aṣòfin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ já sí ọ́fíìsì mínísítà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣòwò nígbà náà, yí ètò kan padà tí ì bá pa gbogbo òfin àmúbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá dá sí nígbà tí ọdún náà bá parí. Nǹkan bí 600 tí yóò kú ni wọ́n dárúkọ dípò rẹ̀. Inú bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi ohun tó tọ́ ló ṣe: aṣòfin gbọ́dọ̀ lè ka orúkọ òfin tó ń pa.

Ọ̀rọ̀ “kúrò” fúnra rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ní Àríwá Áílándì, àdéhùn Windsor tí Bìrìtéènì bá àjọ náà ṣe ní 2023 ṣì fi ọ̀pọ̀ òfin Yúróòpù lórí ọjà sílẹ̀.

Níhà ọ̀dọ̀ tiwa, Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Àwọn ológun tó ń ṣàkóso níbẹ̀ ní nítorí ipò orílẹ̀-èdè olómìnira ni. Bí òmìnira bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ní, ìròyìn Bámákò àti ti Lọ́ńdọ̀nù yóò dún bákan náà létí olùgbọ́. Ẹ wá béèrè àṣẹ ìkẹyìn: nínú orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ní ilé aṣòfin tí aráàlú dìbò yàn lọ́jọ́ náà. Ìkéde tí àwọn ìjọba ológun náà fi síta ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2024 ló mú wọn jáde.